Alùpùpù Abiyamọ

Irọ́ kékeré kan ni Angèle pa, irọ́ náà sì bí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Kì í ṣe irọ́ tí èèyàn ń torí rẹ̀ lọ jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ fadá. Ó kàn sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ò lè lọ sí Savalou mọ́ nítorí òun ò rí ohun gùn. Ó ní zémi, ọ̀kadà tiwọn, ga jù, ìdí òun kì í sì í ṣe ìdí ọmọge tí wọ́n ń jù sẹ́yìn ọlọ́kadà bí àpò gàrí. Takisí ńkọ́? Ó ní nínú takisí, èèyàn mẹ́rin ní í jókòó síbi tó yẹ èèyàn méjì, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ti tó èèyàn méjì, ta ni yóò wá jókòó lé ta ni lórí? Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín títí tí àpótí tó jókòó lé fi ń ké. Ọkọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ń ronú.

Ó yẹ kí èyí ti dẹ́rù ba Angèle. Grégoire ọkọ rẹ̀, olùkọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, Mẹ́tìrì ni gbogbo Bantè ń pè é títí dòní. Bí èèyàn bá fi ìṣòro han ọkùnrin náà, bí ìṣirò ojú pátákó ni yóò rí lójú rẹ̀, oorun ò ní kùn ún àfi tó bá rí ìdáhùn. Angèle sì ti ń bá a gbé láti ìgbà tí ọmú rẹ̀ ṣì ń wo òkè. Ó mọ ìwà rẹ̀. Ó kàn gbàgbé ni.

Ohun tó wà ní Savalou, ẹ̀gbọ́n Angèle ni, Marie-Noëlle. Ilé ọkọ ló gbé e débẹ̀. Ọkọ ti kú, ó sì ti di ọmọ Savalou pátápátá, èdè Mahi ló fi ń bú adìẹ rẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló ṣẹ́kù nínú ọmọ bàbá wọn, àgbẹ̀ ará Koko. Nínú ilé bàbá yẹn, bí iṣu tuntun bá jáde, àbúrò ló ń gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ fún ẹ̀gbọ́n. Á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, ẹ̀gbọ́n á gbà á, á fà á dìde, á sì gé iṣu náà. Ìgbà yẹn ni iṣu tuntun tó lè kan ẹnu àwọn méjèèjì. Bàbá wọn a máa wí pé, "Ilẹ̀ ni iṣu ti wá. Ẹni tó bá máa fúnni níṣu, kó wá sílẹ̀." Wọ́n ti ṣèrìbọmi, wọ́n ti gba kọ́múníọ̀, máàsì ni wọ́n fi sin bàbá fúnra rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ iṣu yìí, kò sí fadá tó bá wọn dá sí i.

Bẹ́ẹ̀, orúnkún Angèle ti kú.

Grégoire mọ̀ pé orúnkún ń dùn ún. Orúnkún wo ni kì í dun àgbà? Ohun tí kò mọ̀ ni pé kò ká mọ́ rárá. Tí wọ́n bá ń kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Angèle á jókòó sẹ́yìn, á máa fi ìwé orin fẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí ooru ń mú. Kí ló dé tí kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Há! Òun kọ́ ló fi ẹ̀gbọ́n yìí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ tí ìyẹn kọ́kọ́ mú ọ̀pá dání? Ó ní, "Ẹ wo arúgbó! Èmi ní tèmi, ijó ni màá jó wọ sàréè." Ẹnu tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ṣe wá sọ pé orúnkún òun ò ká mọ́?

Ló bá ń fi iṣu rán awakọ̀ takisí. Lọ́dún àkọ́kọ́, Marie-Noëlle gba iṣu náà, ó pín in fún àwọn ará ilé kejì, ó ń jẹ ìrẹsì. Lọ́dún kejì, bákan náà. Ní Savalou, níbi tí odó kì í sinmi lásìkò iṣu tuntun! Angèle alára ò sì lè jẹ ẹ́, nítorí ẹ̀gbọ́n ò tíì gé e. Ní ẹ̀yìnkùlé ní Bantè, Grégoire tí kì í ṣe ọmọ ilé wọn ń dá gún iyán tirẹ̀ jẹ, Angèle á sì jókòó ti igbá gàrí, imú rẹ̀ ń jẹun, ẹnu rẹ̀ ń wòran.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti sú Grégoire. Ọkùnrin tó ń dá gún iyán jẹ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láàyè, àwọn ará àdúgbò ti ń wò ó bákan.

Gouka ló ti rí ìdáhùn rẹ̀, nínú ahéré tí wọ́n ń kó iṣu sí. Alùpùpù kan ni, tí òyìnbó kan fẹ́ gùn la Áfíríkà já. Ẹ́ńjìnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fi í sílẹ̀ fún baálé tó gbà á sílé, ó wọ ọkọ̀ òfurufú padà lọ bá ìyá rẹ̀. Alùpùpù gidi ni, àmọ́ wọ́n ti de agbọ̀n irin kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, agbọ̀n náà ní táyà tirẹ̀, èèyàn sì lè jókòó sínú rẹ̀ kó na ẹsẹ̀ síwájú. Sídíkà ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é. Adìẹ baálé ò gbọ́ Faransé, ilé ló pè é ní tirẹ̀. Orí ẹyin ló wà nínú agbọ̀n náà nígbà tí Grégoire dé, wọ́n sì ní kí Mẹ́tìrì ní sùúrù títí adìẹ á fi pamọ. Ó ní sùúrù.

Nassirou tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Bantè ló jí ẹ́ńjìnì náà dìde. Lọ́jọ́ tí Grégoire gùn ún wálé, àwọn ọmọdé sá tẹ̀ lé e láti ẹnu ọ̀nà ọjà. "Alùpùpù abiyamọ! Alùpùpù abiyamọ!" Wọn ò purọ́. Bí obìnrin tó gbé ọmọ sí ìbàdí ló rí.

Angèle jáde síta, ó ń fi ìró nu ọwọ́.

"Bàbá Marius, kí lèyí?"

"Ìdáhùn ni."

"Ta ló bi yín ní ìbéèrè?"

"Ìwọ ni. O ní zémi ga, o ní takisí há. Wò ó dáadáa. Kò ga, kò há. Wàá jókòó, wàá na ẹsẹ̀ rẹ, èmi á máa wà ọ́ lọ bí ìyàwó ọba. Ìgbà wo là ń lọ sí Savalou?"

Ọkàn Angèle yọ̀. Kí ọkùnrin ti dàgbà tó báyìí, kó ṣì máa wọ inú ahéré iṣu kiri nítorí ìyàwó rẹ̀, obìnrin mélòó ló rí i? Àmọ́ irọ́ tó fi sá pa mọ́ ti wó lulẹ̀, ìta gbangba ló dúró sí báyìí. Ó yí agbọ̀n náà po. Ó fi ìka tẹ ìjókòó rẹ̀.

"Ó dáa o," ó ní. "Àmọ́ ṣé adìẹ ni mí, tí màá jókòó sórí irin lásán?"

Báyìí ni ọ̀ṣọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Hafsath aránṣọ, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, ló rán tìmùtìmù fún un, tó fi òwú àràbà kún un. Ẹyọ kan kọ́kọ́ ni. Angèle jókòó lé e wò, ó ní orí nìkan ló ń yọ, àwọn èèyàn á rò pé ẹnì kan gbàgbé orí sínú agbọ̀n. Hafsath fi ìkejì lé e, ó tún fi ìkẹta lé e. Nígbà tí Grégoire béèrè ọjọ́ ìrìnàjò, Angèle ní oòrùn á pa òun, kò sí òrùlé. Nassirou fi irin mẹ́rin gbé òrùlé báàṣì dúró, aṣọ rọ́bà tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀. Ọjọ́ ìrìnàjò ńkọ́? Òrùlé láìsí aṣọ títa, ìyẹn jọ ìsọ̀ ẹlẹ́ran. Hafsath ta aṣọ ojú fèrèsé yí i ká. Aṣọ títa láìsí òdòdó ńkọ́? Wọ́n so òdòdó oníke mọ́ ọn, pupa àti àwọ̀ ìyeyè.

Nígbà kan Angèle ń fi àkókò ṣòfò, nígbà mìíràn ọ̀ṣọ́ náà ń wọ̀ ọ́ lára ní tòótọ́. Ó sì ní ìrètí kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: bí nǹkan yìí bá lẹ́wà tó, bóyá ojú ẹ̀gbọ́n òun ò ní wálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ orúnkún. Bí ọ̀kín bá na ìrù, ta ní í wo ẹsẹ̀ rẹ̀?

"Ìyá," Nassirou ní lọ́jọ́ kan, "ṣé ẹ fẹ́ kó máa rìn ni, àbí ẹ fẹ́ máa gbé inú ẹ̀?"

"Ọmọ mi, bó bá lè ṣe méjèèjì, kí ló burú? Bá mi fi dígí kan síbí."

"Dígí méjì ti wà níwájú."

"Ti Mẹ́tìrì nìyẹn, ẹ̀yìn ló ń fi í wò. Ojú ara mi lèmi fẹ́ fi tèmi wò."

Nassirou fi dígí sí i. Ó fi fèrè kan tó ń ké bí òbúkọ sí i. Ní tirẹ̀, ó lẹ bébà àdúrà kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn agbọ̀n. Angèle fi rósárì kọ́ iwájú, ó ní ibi tí àdúrà ọ̀kan bá ti jò, ti ìkejì á dí i.

Láàárín àkókò yìí, Grégoire ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Nassirou ti kìlọ̀ fún un pé bí agbọ̀n náà bá ṣófo, tó bá sì fẹ́ yà sọ́tùn-ún, agbọ̀n á gbé ẹsẹ̀ sókè bí ajá tó fẹ́ tọ̀ sídìí igi. Nítorí náà ó ń kó iṣu sínú rẹ̀ kó lè wúwo. Angèle bá a níbi tó ti ń tò ó.

"Iṣu wo lẹ̀ ń kó gun ibi ìjókòó mi yẹn?"

"Kí agbọ̀n má baà gbéra ni. Mò ń wá ìwọ̀n tó ṣe rẹ́gí."

"Ìwọ̀n ta ni?"

Grégoire tún wo agbọ̀n. Ó gbé iṣu kan kúrò. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó gbé e padà, ó sì fi méjì lé e.

"Bàbá Marius! Mélòó ni mo jẹ́?"

"Ìyá Marius, ọkùnrin tó bá fẹ́ jẹun alẹ́ kì í ka irú iṣu bẹ́ẹ̀ sókè."

Angèle rẹ́rìn-ín títí tó fi di òpó ilé mú. Hafsath tó gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà gbọ́ iye rẹ̀, torí òun ló rán tìmùtìmù, ó yẹ kí òun mọ ohun tí òwú òun ń rù.

Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín lọ títí fóònù fi dún. Marie-Noëlle ni. Kì í fi fóònù sí etí tó bá ń sọ̀rọ̀, iwájú ẹnu ló ń gbé e sí bí ẹni tó fẹ́ bù ú jẹ.

"Angèle!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o."

"Ilé wo? Awakọ̀ takisí sọ fún mi pé ọkọ rẹ ra nǹkan kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó ní o ti ta aṣọ sí i bíi yàrá ìyàwó. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ọ̀hún, kò sí èyí tó mọ ọ̀nà Savalou nínú wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku nǹkan díẹ̀ ni—"

"Ó ku nǹkan díẹ̀ kí èmi náà kú. Gbọ́ mi. Ọdún kẹta rèé tí odó àwọn aráabí ń dún sí mi létí, tí mò ń ṣa ìrẹsì jẹ bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, tí mo bá ti máàsì dé, màá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá wá, o wá. Bí o ò bá wá, gé iṣu tìẹ kí o jẹ ẹ́, mo yọ̀ǹda. Èmi á kàn mọ̀ pé mi ò ní àbúrò mọ́."

Fóònù kú. Angèle jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́. Kò rí ẹ̀rín kankan fà yọ níbi ọ̀rọ̀ yìí, bó ti wù kó wá a tó. Ó bojú wo alùpùpù níta. Kò sí ibi tí wọ́n tún lè so nǹkan mọ́.

"Bàbá Marius," ó ní, "ẹ ra epo sí i."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n lọ sí máàsì àkọ́kọ́, wọ́n sì padà wá gbé iṣu. Lábókò ni, ọba iṣu, láti inú oko bàbá wọn ní Koko, awọ rẹ̀ dán, ó gùn tó apá ọkùnrin. Angèle fi aṣọ funfun wé e bí ọmọ tuntun. Ó wé gèlè tó ga bí òkìtì ọ̀gán. Grégoire bá a gbé ẹsẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jókòó sórí tìmùtìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orí rẹ̀ sì lu òrùlé.

Nassirou ti wọn òrùlé náà kí Hafsath tó fi tìmùtìmù kún tìmùtìmù. Kò sẹ́ni tó ro ti gèlè rárá.

"Yọ tìmùtìmù kan," Grégoire ní.

"Kí n wá rì sísàlẹ̀ bí eku nínú ìkòkò? Kí ẹ̀gbọ́n mi wò mí níbẹ̀? Ká má rí i."

"Yọ gèlè, nígbà náà."

"Ẹ̀yin náà ẹ yọ ṣòkòtò, kí ara tu gbogbo wa."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbéra, Angèle dorí kodò lábẹ́ òrùlé bí ewúrẹ́ tó ń wo inú kànga. Àmọ́ ẹni tó bá fojú kan wọn lọ́jọ́ náà ò ní gbàgbé wọn. Aṣọ títa ń fẹ́ lẹ́lẹ́, òdòdó ń jó, òbúkọ inú fèrè ń ké, àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Angèle ń juwọ́ sí wọn. Nígbà tí abúlé tán, tí oko kajú bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó di iṣu náà mú, ó sì ń ro bí yóò ṣe ṣe é. Bóyá kí òun di férémù ilẹ̀kùn mú, kí òun máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bóyá kí òun kúkú ṣubú, kí wọ́n pè é ní ìkúnlẹ̀.

Ọkọ̀ àjàgbé ńlá kan tó kó òwú ló yọ níwájú. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ó kàn kọjá lọ ni. Àmọ́ atẹ́gùn tó ń tẹ̀ lé e wọ abẹ́ òrùlé báàṣì náà, ó sì gbé e. Ó gbé òrùlé, ó gbé aṣọ títa, ó gbé òdòdó, gbogbo rẹ̀ fò lọ sínú oko kajú, ó sì gúnlẹ̀ sórí igi kan bí ẹyẹ ńlá tí kò ní ìtìjú. Grégoire dá alùpùpù dúró.

"Ṣé kí n lọ mú un wá?"

Angèle na ọrùn rẹ̀, tó ti ń dùn ún láti Bantè. Ó rí ojú ọ̀run gbangba. "Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀," ó ní. "Ó kéré tán, mo lè gbé orí sókè."

Ojú ọ̀run tó rí ọ̀hún ti dúdú. Wọn ò tíì dé ibi tí oko kajú pin sí tí òjò fi dé, òjò tí kì í béèrè ọ̀nà. Kí Grégoire tó wa alùpùpù dé abẹ́ igi máńgòrò, gbogbo wọn ti rin gbingbin. Gèlè wó lu ojú. Ní ti òwú àràbà, ó ti mu omi bí ọ̀mùtí: bí Angèle bá yí ìdí díẹ̀, omi á tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, á máa dún bí ẹni tó ń ṣe ohun tí kò yẹ ní gbangba. Ó yí ìdí. Ó dún. Ó tún yí i. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun àti ọkọ rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín Angèle fi yí padà láìsọ fún un, tó di ẹkún.

"Kí ló dé? Ìyá Marius? Omi ló wọ ọ́ lójú?"

"Bàbá Marius, mi ò lè kúnlẹ̀."

"Ta ló ní kí o kúnlẹ̀ nínú òjò?"

"Fún ẹ̀gbọ́n mi. Orúnkún mi ti kú. Ọdún kẹta rèé. Kì í ṣe ti zémi, kì í ṣe ti takisí. Bí mo bá gbé iṣu fún un ní ìdúró, ó máa sọ pé mo ń gbéraga sí òun. Bí mo bá sì sọ òótọ́ fún un, ó máa rántí gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo fi ṣe."

Grégoire wò ó. Ó wo dígí, ó wo rósárì, ó wo irin mẹ́rin tó dúró láìní òrùlé.

"Tìmùtìmù mẹ́ta," ó ní jẹ́jẹ́. "Òrùlé. Aṣọ. Òdòdó. Òbúkọ. Gbogbo èyí kí o má baà sọ fún mi pé orúnkún rẹ ò ká?"

"Ẹ̀yin náà, láti ìgbà tí ẹ ti ń pa irun yín láró lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, ẹ sọ fún mi rí?"

Grégoire fọwọ́ kan orí rẹ̀. Aró ọ̀hún ti ń ṣàn bọ̀ ní ọrùn rẹ̀ nínú òjò.

"Jẹ́ kí n kúnlẹ̀ nípò rẹ," ó ní nígbẹ̀yìn.

"Ẹ kì í ṣe ọmọ bàbá wa. Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ẹ wà á lọ. Ohun tó bá gbà ni màá fún un."

Wọn ò lè gbé tìmùtìmù tó rin bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ẹ̀ka máńgòrò ni wọ́n sá a sí. Láìsí tìmùtìmù, Angèle rì lọ sísàlẹ̀ agbọ̀n, ibi tí adìẹ Gouka ti sàba sí gan-an. Èjìká rẹ̀ ló kù lókè, àti orí, àti iṣu tó gbé sí àyà.

Marie-Noëlle wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe ṣèlérí. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín orúnkún. Odó ń dún nílé ọ̀tún, odó ń dún nílé òsì. Ó ń wo ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà bó ṣe ń bọ̀, ẹrẹ̀ bò ó, irin mẹ́rin nà sókè bí ẹsẹ̀ ẹran tó kú. Àwọn ará ilé kejì jáde wá wòran.

"Èyí ni yàrá ìyàwó ọ̀hún?" ó béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìjókòó," Angèle ní. Ó fi iṣu lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti etí agbọ̀n, ó sì gbìyànjú láti dìde.

Kò dìde. Ìró tó rin ti lẹ̀ mọ́ irin, ìdí tí tìmùtìmù ti ń gbé sókè tẹ́lẹ̀ ti rí ibi tó há mọ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Agbọ̀n fẹ́ bá a dìde. Grégoire dì í mú lábẹ́ apá, ó fà á. Obìnrin kan láti ilé ọ̀tún wá di agbọ̀n mú. Wọ́n fà á, wọ́n tì í, òbúkọ inú fèrè ké nítorí ẹnì kan fara tẹ̀ ẹ́. Àwọn òǹwòran fẹ́ kú fún ẹ̀rín.

"Ẹ fi mí sílẹ̀!" Angèle ké. "Ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ gbé iṣu mi fún mi."

Marie-Noëlle ti dìde. Ó fi ọ̀pá wá ọ̀nà kọjá láàárín ẹrẹ̀, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n gan-an.

"Angèle, ṣé o ò lè dìde ni, àbí o ò fẹ́?"

Angèle wo òkè. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ga bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mi ò lè dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá sì dìde, mi ò ní lè kúnlẹ̀. Orúnkún mi ti kú. Ìdí tí mi ò fi wá nìyẹn. Èmi tí mo ní ijó ni màá jó wọ sàréè. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí yín."

Marie-Noëlle ò rẹ́rìn-ín. Ó na ọ̀pá rẹ̀, ó fi kan ilẹ̀. Ó gbé e sókè, ó fi kan etí agbọ̀n. Ó gbé e sókè sí i, ó fi kan orí àbúrò rẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Orí náà ò ga dé ìdodo rẹ̀.

"Kí ni bàbá wa wí?"

"Ẹni tó bá máa fúnni níṣu, kó wá sílẹ̀."

"Ó dárúkọ orúnkún?"

Angèle mi orí pé rárá.

"Láti ìgbà tí ìyá wa ti bí ọ," Marie-Noëlle ní, "tí o ti ń kúnlẹ̀ fún mi, o ò wálẹ̀ tó báyìí rí. Tí o bá tún wálẹ̀ ju èyí lọ, a ó máa wa ilẹ̀ ká tó rí ọ. Fún mi níṣu mi, jàre."

Angèle tú aṣọ funfun tó rin náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé iṣu sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó gbà á, ó sì kérora.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé?"

"Ìbàdí ni. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan lò ń gbó? Láti ọjọ́ tí mo ti pè ọ́, mò ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ pé tí o bá kúnlẹ̀, ta ló máa fà ọ́ dìde? Ìwọ yìí, bí mo ṣe ń wò ọ́ yìí?"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tó bú. Angèle ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín lókè, agbọ̀n ń gbọ̀n, rósárì ń lu dígí. Marie-Noëlle gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ obìnrin ilé ọ̀tún, ó gé iṣu náà lórí etí agbọ̀n níbẹ̀. Ó funfun bí eyín ọmọdé.

Nígbà tí iná ń jó, tí iṣu ń sè, wọ́n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì láti yọ Angèle. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi epo pupa pa ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n dojú rẹ̀ kodò. Kí wọ́n tó fẹnu kò, iyán ti dé, ó ń rú èéfín, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Marie-Noëlle ní kí wọ́n gbé òun gun ìjókòó Grégoire, ó jókòó síbẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, ó gbé àwo náà sórí etí agbọ̀n sáàárín òun àti àbúrò rẹ̀. Ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó gbé e mì, ó di ojú. Lẹ́yìn náà Angèle bu tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Ó lá gbogbo ìka rẹ̀.

Grégoire, tí aró ti fa ìlà dúdú sí lọ́rùn, ti gba epo pupa dé. "Ìyá Marius, gbé apá sókè kí n pa á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ."

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá Marius. Ẹ jẹ́ kí n jẹun tán ná."

"Bí o bá jẹun tán, o ò ní lè jáde mọ́ rárá."

Angèle wo iyán náà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ń bu òkèlè mìíràn. Ó wo agbọ̀n tó yí i ká.

"Ẹ ṣáà ní sùúrù fún adìẹ ní Gouka," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí àwo. "Ẹ ní in fún èmi náà."